Ọdún 2024 ń kógbá wọlé: ìwé wo, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wo, nǹkan orí íntánẹ́ẹ̀tì wo ni kò kúrò lọ́kàn yín?

Akàwé Jẹ́ríkò
28 Oṣù Kejìlá 2024, aago 7:40 àárọ̀

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ sọ rèé: nínú gbogbo ìwé tí ẹ kà lọ́dún yìí, nínú gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá rí, àti nínú àwọn nǹkan ìyanu tí ẹ bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èwo ni kò kúrò lọ́kàn yín? Ẹ má kàn dárúkọ rẹ̀ kí ẹ sì lọ. Ẹ sọ ohun tó jẹ́ kó mú yín lọ́kàn.

Tèmi nìyí. Ní oṣù Kejì, wọ́n kéde pé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ti ka ìwé kan tó ti jóná láti ọdún 79. Ìlú kan wà ní Ítálì nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Herculaneum. Nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù, eérú gbígbóná bo ìlú náà mọ́lẹ̀, ó sì bo ilé ńlá kan tí ìwé kún inú rẹ̀. Ìwé ayé ìgbà yẹn kò ní ojú ewé tí a ń ṣí. Kíká ni wọ́n ń ká a bí ẹní. Ooru yẹn sọ gbogbo wọn di èédú. Láti nǹkan bí ọdún 1750 tí wọ́n ti ń hú wọn jáde, ẹni tó bá gbìyànjú láti tú ọ̀kan, ńṣe ló ń fọ́ sí i lọ́wọ́.

Àwọn wọ̀nyí kò tú u rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kentucky ní Amẹ́ríkà, Brent Seales, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé e lọ sábẹ́ ìtànṣán X-ray tó lágbára gan-an nítòsí Oxford, wọ́n ya inú rẹ̀ ní ìpele ìpele, wọ́n sì kó àwòrán náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni yòówù tó bá lè kà á. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èédú ni wọ́n fi ṣe yíǹkì tí wọ́n fi kọ ọ́, èédú náà sì ni ìwé ti dà. Dúdú lórí dúdú. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Casey Handmer wá tẹjú mọ́ àwòrán náà títí tó fi rí i pé ojú ibi tí yíǹkì wà là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ibi tí kò sí yíǹkì kò sì là. Ohun tó rí kò ju ìyẹn lọ. Luke Farritor, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21, fi àmì yẹn kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan sì yọjú: elésè àlùkò. Òun àti Youssef Nader ọmọ Íjíbítì àti Julian Schilliger ọmọ Switzerland ló jọ gba ẹ̀bùn $700,000. Lẹ́tà tí wọ́n rí kà lé ní 2,000. Onímọ̀ ọgbọ́n orí kan ló ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbádùn, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oúnjẹ tó ṣọ̀wọ́n máa ń dùn ju èyí tó wà lọ́pọ̀ yanturu lọ.

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé ni mo fi ń jẹun ní ilé ìtẹ̀wé nílùú Ìbàdàn yìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ìlà lórí ìlà. Nígbà tí mo rí ìlà ìkọ̀wé tó tò tẹ̀léra lójú èédú yẹn, omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú láti ayébáyé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ́ tónítóní.

Ó kù sọ́wọ́ yín.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà
28 Oṣù Kejìlá, aago 8:25 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú làákàyè. Mo ka ọ̀rọ̀ yín látòkè délẹ̀, ó sì wú mi lórí. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bi yín: ìwé tó jóná ní Ítálì, kí ló fẹ́ ṣe fún ará Mọ́níyà? Tó bá jẹ́ sáyẹ́ǹsì ọdún yìí là ń sọ, èmi ò ní í kọjá àgbàdo TELA. Oṣù Kìíní ni ìjọba wa fọwọ́ sí i, oríṣi mẹ́rin, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Zaria. Ó ń fara da ọ̀dá, kòkòrò tó ń lu igi àgbàdo kò sì rí i jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni armyworm, kòkòrò tó ń jẹ ewé àgbàdo.

Ẹni tí kò dáko rí kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni armyworm yẹn ti wá. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, oko IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí nílé wa, sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kófìrí rẹ̀. Ẹ ó dé oko láàárọ̀, ẹ ó rí i pé ojú ewé ti lu. Ẹ ó wá ya ewé tuntun tó wà láàárín gbùngbùn, ìgbẹ́ rẹ̀ á ti kún ibẹ̀ bámúbámú, ó rin, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó ti wọlé jókòó nìyẹn. Apakòkòrò tí ẹ bá fín kò ní í kàn án mọ́. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún mi pé àgbàdo kan wà tí kòkòrò yìí máa jẹ tí á sì kú, mo máa pè é ní ìròyìn ọdún.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Òjé
28 Oṣù Kejìlá, aago 9:02 àárọ̀

Àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ dáa, ṣùgbọ́n sọ ọ́ tán. Irúgbìn TELA yìí, ọdọọdún ni àgbẹ̀ á máa rà á. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so sókè àjà láti fi gbin ọdún tó ń bọ̀, torí tí o bá tún èyí tó so gbìn, agbára rẹ̀ á ti dín. Àgbàdo funfun tí mo fi ń ṣe ògì, ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú irúgbìn ara wọn ni mo ti ń rà á láti ìgbà ìyá mi. Mi ò ní kí wọ́n má gbìn ín o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n máa sọ iye tí irúgbìn máa ná àgbẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n tó máa ròyìn iye tí oko máa mú jáde.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà
28 Oṣù Kejìlá, aago 9:10 àárọ̀

Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá. Àmọ́ ẹni tó ra irúgbìn tó sì kórè, ó sàn ju ẹni tí kò rà tí kò sì rí nǹkan kó wálé lọ.

Wáyà Ṣàngó
28 Oṣù Kejìlá, aago 10:33 àárọ̀

Ẹ kú àlàyé, gbogbo ilé. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe, ibẹ̀ náà ni màá gbé tèmi gbà. Fún ẹni tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, kò sí ọjọ́ tó tó 14 Oṣù Kẹta lọ́dún yìí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni wáyà mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: MainOne, ACE, SAT-3 àti WACS. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ojú sánmà ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wá, pé sátẹ́láìtì ló ń gbé e. Rárá o. Ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbà. Nínú gbogbo ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, inú wáyà ló ń bá lọ. Ibi tí òkun ti jìn jù, wáyà náà kò nípọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Àárín rẹ̀ ni okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wà, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì ń rán gba inú rẹ̀. Ohun tí àwọn tó ni MainOne sọ ni pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló yẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, torí iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn ló wú mi lórí jù. Láti etí òkun, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú okùn gíláàsì náà. Ìmọ́lẹ̀ náà á dé ibi tó já, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ta padà, àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀ ni wọ́n á fi mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ọkọ̀ ojú omi tó wà fún iṣẹ́ náà á gbéra láti ibi yòówù tó bá wà. Á ju ìkọ́ irin sí ìsàlẹ̀ òkun, á wọ́ etí kan jáde, á tún wá èkejì lọ. Orí ọkọ̀ yẹn ni wọ́n á ti jókòó, tí wọ́n á so àwọn okùn gíláàsì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á dán an wò kí wọ́n tó dá a padà sómi. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló gbà. Kó tó di ìgbà náà, wáyà mìíràn, Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 2022 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sáré yà sí.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ọba Lékan Balógun, Olúbàdàn, wàjà. Fóònù ò gbé nǹkan kan jáde ládùúgbò wa. Rédíò la ti gbọ́ ọ.

Àbẹ̀kẹ́ Agbówó
28 Oṣù Kejìlá, aago 11:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Wáyà, ẹ ṣé. Mi ò mọ̀ pé ohun tó wà nídìí rẹ̀ nìyẹn. Owó wà nínú àkáùǹtì mi lọ́jọ́ náà, àpù báńkì mi ò ṣí, oní-POS tó wà lẹ́bàá géètì ní òun náà ò rí owó ẹnikẹ́ni kó wọlé. Oníbúrẹ́dì ló ṣàánú mi tó ní kí n máa gbé e lọ, kí n san án tó bá ṣí.

Ìwé ni tèmi. Ghostroots, ti 'Pemi Aguda. Ìtàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀, Èkó ni wọ́n ti ṣẹlẹ̀, ó sì wà lára ìwé márùn-ún tó kù sójú ìdíje National Book Award ti Amẹ́ríkà lọ́dún yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà dá lórí òpópónà kan tí ibà ti ń pa àbíkẹ́yìn ọmọkùnrin, láti ilé dé ilé. Nọ́ńbà ilé ni ikú ń tẹ̀ lé. Ẹ ò nílò iwin kankan níbẹ̀. Kí èèyàn máa ka nọ́ńbà ilé bọ̀ lọ́kàn, kó sì mọ nọ́ńbà ilé tirẹ̀, ẹ̀rù yẹn tó. Gbogbo wa la mọ àdúgbò tí wọ́n ti ń sọ pé nǹkan kan ń ṣe àwọn ọmọ ibẹ̀, tí àwọn ìyá á máa lọ sórí òkè àdúrà, tí wọ́n á máa bi ara wọn pé ta la ṣẹ̀. Aguda mọ ohùn yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ohùn àwọn ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mò ń gbọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà á, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Bàbá Tíṣà Òkè-Àdó
28 Oṣù Kejìlá, aago 1:50 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú mi dùn pé ọmọdé ṣì ń kàwé. Àbẹ̀kẹ́, màá wá a kà.

Èmi, The Road to the Country ni mo kà, ti Chigozie Obioma. Ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ Kúnlé ló wọ inú ogun Biafra lọ nítorí àtiwá àbúrò rẹ̀ rí. Aríran kan sì ti wà lórí òkè ní Àkúrẹ́ lọ́dún 1947 tó ti rí ìrìn àjò Kúnlé kí wọ́n tó bí i. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà ogun náà. Níbí, nínú rédíò la ti ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ jíjìn ni létí àwa ọmọdé. Ìwé yìí gbé e wá sítòsí, nítorí pé ojú ọmọ wa kan ló fi wo gbogbo rẹ̀. Ibi tí ó ti ń ṣàpèjúwe yàrà tí àwọn ọmọ ogun ń sá pamọ́ sí gùn díẹ̀ jù fún mi. Síbẹ̀ mo kà á dé òpin.

Ọdún yìí kan náà, 13 Oṣù Keje, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pé ẹni 90 ọdún, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ National Theatre ní Èkó. Gbogbo ìwé ìròyìn ló kọ nípa eré orí ìtàgé rẹ̀. Èmi ń rántí iṣẹ́ mìíràn: Ògbójú Ọdẹ tí D.O. Fágúnwà kọ lọ́dún 1938, tí Ṣóyínká yí sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá títí mo fi fẹ̀yìn tì. Fágúnwà ṣì wà lórí àtẹ, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí mo fi kọ́ wọn ní kíláàsì, ẹ lọ sí Dùgbẹ̀, ẹ lọ sí ìsọ̀ oníwèé yòówù, ẹ ò ní í rí i. Ẹ̀dà tí mo ní ti gbó, ìkán ti jẹ etí rẹ̀. Akàwé, nígbà tí o ń sọ ti ìwé Ítálì yẹn, ọ̀rọ̀ yìí ló wà lọ́kàn mi. Àwọn ará ibẹ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa ka èyí tó ti di èédú. Tiwa kò tíì jóná.

Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì: ẹ gbọ́ ti erin? Oṣù Kẹfà ni àwọn olùwádìí gbé e jáde pé erin ń fi orúkọ pe ara wọn. Ní Kẹ́ńyà ni, ní Samburu àti Amboseli. Wọ́n kó ohùn 469 tí àwọn erin fi ń pe ara wọn jọ, wọ́n fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ohùn tí erin kan fi ń pe èkejì ní ohun kan nínú tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ń pè. Wọ́n wá lọ gbé ohùn náà sétí erin 17. Èyí tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ á dáhùn, á sún mọ́ ibi tí ohùn ti ń wá. Èyí tí wọ́n bá pe ti ẹlòmíràn kò ní í kà á sí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdẹ wa ti ń ki erin láti ayé àìmọye, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹranko tí a ń kì bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ nílé.

Àbẹ̀kẹ́ Agbówó
28 Oṣù Kejìlá, aago 2:04 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lè bá wa kọ orúkọ àwọn ìwé tí ẹ ní lọ́wọ́ yẹn síbí? Mo lè wá fi fóònù ya wọn lójú ewé lójú ewé, kí ọ̀kan má bàa sọ nù.

Ọmọ Agodi
28 Oṣù Kejìlá, aago 2:41 ọ̀sán

Ẹ ti sọ ti erin, ẹ jẹ́ n mú erinmi wá. Moo Deng ni tèmi, erinmi kékeré tí wọ́n bí ní ọgbà ẹranko kan ní Thailand lóṣù Keje, tí gbogbo ayé ń wo fídíò rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí ni orírun irú erinmi kékeré yẹn: Liberia, Sierra Leone, Guinea, Côte d'Ivoire. Àwa náà ní irú tiwa rí, ní agbègbè Niger Delta. Láti nǹkan bí ọdún 1945 kò sí ẹni tó tún fi ẹ̀rí hàn pé òun rí ọ̀kan. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, torí ẹ̀rín ni mo bá wá síbi fídíò náà.

Wáyà Ṣàngó
28 Oṣù Kejìlá, aago 4:20 ìrọ̀lẹ́

Mo padà dé. Nǹkan méjì kù tí mi ò lè pa mọ́ra.

Èkíní, ti xz. Sọ́fítíwia kékeré kan ni, tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ló ní i nínú, tó fi mọ́ àwọn sáfà tí báńkì àti ilé ìwòsàn ń lò. Ẹnì kan ṣoṣo, Lasse Collin, ló ń tọ́jú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan wá bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́. Ó fi ọdún bíi méjì ṣe iṣẹ́ dáadáa, wọ́n fọkàn tán an, wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ìgbà náà ló wá dá ihò sí ẹ̀yìn ilé, kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà.

Ẹni tó tú u fó ni Andres Freund, ẹlẹ́rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft. Kì í ṣe olè ló ń wá. Ó ń dán nǹkan mìíràn wò ni, ó rí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní í kà á sí. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé ìdí xz, ó sì kéde rẹ̀ ní 29 Oṣù Kẹta. Èyí tí wọ́n ti bà jẹ́ náà kò tíì tàn ká. Ká ní ó ti tàn ká ni, ẹnu ò ní í gbà á sọ. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni ti Collin. Ẹrù gbogbo ayé wà lórí ẹnì kan, kò sì sí ẹni tó bi í pé ṣé ó ti jẹun.

Èkejì ni Voyager 1, ọkọ̀ ojú sánmà tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977 ni Amẹ́ríkà rán an lọ, ó ti kọjá gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì, ó ti jìnnà sí wa ju kìlómítà bílíọ̀nù 24 lọ. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Ṣíìpù kan nínú ibi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kó ìrántí sí ló kú. Kò sí ẹni tó lè lọ pààrọ̀ rẹ̀. Kóòdù tó wà lórí ṣíìpù náà kò sì lè wọ ààyè kan ṣoṣo níbòmíràn, torí náà wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n wá àlàfo fún ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún gbogbo ibi tí ègé kan ti ń pe èkejì kọ. Wọ́n rán an lọ ní 18 Oṣù Kẹrin. Wákàtí 22 àti ààbọ̀ ni iṣẹ́ náà fi rìn lọ, iye kan náà ni èsì fi rìn bọ̀. Ní 20 Oṣù Kẹrin, ó sọ̀rọ̀, ó yé wọn. Mo wo àwòrán àwọn ẹlẹ́rọ náà nínú yàrá ìpàdé wọn, tí wọ́n na ọwọ́ sókè. Ó ṣe mí bíi pé kí n bá wọn jó.

Ìyá Ẹlẹ́kọ Òjé
28 Oṣù Kejìlá, aago 4:48 ìrọ̀lẹ́

Wáyà, Ọlọ́run á máa fún ẹ lókun. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó rẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Ìkan
28 Oṣù Kejìlá, aago 7:30 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀, mo sì rí i pé ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu ba ti ìlera. Ẹ jẹ́ n gba ibẹ̀.

Lenacapavir. Ẹ há orúkọ yẹn sórí. Abẹ́rẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, fún ẹni tí kò ní kòkòrò HIV kó má bàa kó o. Ní South Africa àti Uganda, wọ́n fún obìnrin 2,134. Ẹyọ kan ṣoṣo kò kó kòkòrò náà nínú wọn. Ìwé ìròyìn Science pè é ní àṣeyọrí tó ga jù lọ́dún yìí, wọn ò sì ṣàṣejù. Òògùn oníhóró tó wà tẹ́lẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n bá ìgò òògùn bẹ́ẹ̀ nínú báàgì ìyàwó ilé. Mo ti rí èyí tó ń kó o sínú àpò ìrẹsì, mo ti rí èyí tó jù ú nù torí ìyá ọkọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un níbi iṣẹ́ wa, tó sì bá tirẹ̀ lọ, ta ló fẹ́ mọ̀? Owó rẹ̀ ni ìjà tó kù. Oṣù Kẹwàá ni ilé iṣẹ́ Gilead tó ni ín gbà kí ilé iṣẹ́ mẹ́fà máa ṣe èyí tó dínwó fún orílẹ̀-èdè 120.

Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà. Cameroon ló kọ́kọ́ fi í sínú abẹ́rẹ́ tí gbogbo ọmọ ń gbà, ní 22 Oṣù Kìíní, lẹ́yìn tí Ghana, Kẹ́ńyà àti Malawi ti dán an wò láti 2019. Tiwa dé ní Oṣù Kẹwàá, èyí tí wọ́n ń pè ní R21, tí àwọn ará Oxford àti Serum Institute of India jọ ṣe. Oṣù yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ. Nínú gbogbo ẹni tí ibà ń pa láyé, ó ń lọ sí ìdá kan nínú mẹ́ta tó jẹ́ ti Nàìjíríà, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù. Mo ti gbé ọmọ tí gìrì ibà mú lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ti fún un ní àgbo, ó ti fún un ní parasitámọ̀, ojú ọmọ náà ti yí sókè. Ẹ má bínú pé inú mi dùn kọjá ààlà lórí abẹ́rẹ́ yìí.

Akàwé Jẹ́ríkò
28 Oṣù Kejìlá, aago 8:55 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó máa bínú. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, tìẹ ni màá mú.

Ṣùgbọ́n Àgbẹ̀, mo ṣì jẹ ọ́ ní ìdáhùn. O ní kí ló kàn wá nípa ìwé Ítálì. Wò ó báyìí: ní Oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dá àwọn òǹtẹ̀wé láre lórí Internet Archive, ibi ìkówèésí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé tó tó nǹkan bí 500,000 ni kò ṣeé yá níbẹ̀ mọ́. Oṣù Kẹwàá ni àwọn kan tún já wọ inú rẹ̀, wọ́n kó àkọsílẹ̀ èèyàn mílíọ̀nù 31 lọ, ojúlé náà sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wà ní títì. Ilé ìtẹ̀wé ló ń sanwó oṣù mi, mo mọ̀ pé òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ jẹun. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹjọ́ yẹn. Àmọ́ èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń lọ síbẹ̀ wá àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn níbí. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Jẹ́ríkò ni mo ń lọ wá ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ tí ojúlé náà tì, kò síbòmíràn tí mo lè yà sí. Bàbá Tíṣà ti sọ ọ́: tiwa kò tíì jóná. Ìdí nìyẹn tó fi kàn wá. Àbẹ̀kẹ́, tí o bá ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá, sọ fún mi. Mo ní ẹ̀rọ tó ń ya ìwé níbi iṣẹ́, ó mọ́ ju fóònù lọ. Ká kọ́kọ́ mú àwọn tí ìkán ti dé etí rẹ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi wọ́n sínú oòrùn kó tó di ọjọ́ náà.

Bàbá Tíṣà Òkè-Àdó
28 Oṣù Kejìlá, aago 9:12 alẹ́

Mo gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ọdún tuntun. Ẹ wá láàárọ̀ kí NEPA tó mú iná lọ. Àbẹ̀kẹ́, màá kọ orúkọ wọn síbí lọ́la.

Àgbẹ̀ Mọ́níyà
28 Oṣù Kejìlá, aago 9:20 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ó ti yé mi. Mo gbà.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìyàwó mi bí lóṣù Kẹjọ. Ṣé a lè rí abẹ́rẹ́ ibà yẹn gbà fún ọmọ níbí?

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Ìkan
28 Oṣù Kejìlá, aago 9:34 alẹ́

Ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó. Kò tíì dé Ọ̀yọ́. Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá dé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọmọ máa gbà á kó tó pé, nítorí náà ẹ tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn abẹ́rẹ́ tó kù já láàárín. Kó tó dé, inú nẹ́ẹ̀tì ni kí ọmọ máa sùn, àti ìyá rẹ̀. Tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má retí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an, kódà tó bá jẹ́ òru.